Bí A Ṣe Ń Dá Ọkọ̀ Ró sí Etí Odò Ògùn ní Abẹ́òkúta fún Odidi Ọjọ́ Kan

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú omi rin odò Ògùn ló mọ ọkọ̀ í tù dáadáa. Wọ́n mọ àjẹ̀ í lò, wọ́n sì mọ ẹ́ńjìnnì í tọ́jú. Ìgbà tí wọ́n bá gúnlẹ̀ sí Abẹ́òkúta, tí wọ́n fẹ́ jẹun, kí wọ́n sinmi, tàbí kí wọ́n gun Olúmọ, tí wọ́n wá fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún wákàtí 6 tàbí 8, ni nǹkan máa ń bàjẹ́. Àwọn kan á padà dé, wọn kò ní bá ọkọ̀ mọ́, omi ti gbé e lọ sí ìsàlẹ̀ odò. Àwọn mìíràn á bá tiwọn lórí àpáta gbígbẹ, nítorí pé omi ti fà kúrò lábẹ́ rẹ̀.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ sí èmi burú ju méjèèjì lọ. Mo so ọkọ̀ mi mọ́ gbòǹgbò igi kan ní òwúrọ̀, okùn náà kò gùn ju mítà 2 lọ, mo sì bá tèmi lọ. Nígbà tí mo padà dé ní nǹkan bí aago 4 ìrọ̀lẹ́, odò ti kún, gbòǹgbò náà ti wọ omi, okùn sì ti fa imú ọkọ̀ wọlé sínú omi, ìdí ọkọ̀ nìkan ló wà lókè. Mo fọwọ́ kan okùn náà, ó le gbagidi bí irin. Gbogbo ẹrù tó wà nínú ọkọ̀ ni odò ti kó lọ. Omi tí mo rí ní òwúrọ̀ ni mo so ọkọ̀ fún. N kò so ó fún omi tí ó ń bọ̀. Nítorí àṣìṣe yẹn gan-an ni mo ṣe kọ ìtọ́sọ́nà yìí.

Ohun tí ẹ ó kó dání

– Ìdákọ̀ró onírin kan. Fún ọkọ̀ tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 5 sí 6, èyí tó wọn kìlógíráàmù 5 sí 7 máa ń tó.
– Ṣéènì onírin tó gùn tó mítà 2, tí ẹ ó fi sáàárín ìdákọ̀ró àti okùn.
– Okùn náílọ́nù tó gùn tó mítà 30, tó nípọn tó mìlímítà 12. Ẹ má ṣe ra okùn tí ń léfòó, nítorí pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ẹlòmíràn lè wé e.
– Okùn méjì mìíràn, mítà 20 ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún dídè mọ́ ilẹ̀.
– Okùn tínrín tó gùn tó mítà 8 àti kẹ́ẹ̀gì òfìfo onílítà 5 kan.
– Okùn ìwọnmi: okùn tínrín tí ẹ so òkúta mọ́ lẹ́nu, tí ẹ sì ta kókó sí ní mítà kọ̀ọ̀kan.
– Ọ̀pá mẹ́ta tó ga tó orúnkún, tí ẹ fi ọ̀dà funfun kùn lórí.
– Láìfù jákẹ́ẹ̀tì fún olúkúlùkù, àtọmọdé àtàgbà, igbá tí a fi ń gbọ́n omi, àjẹ̀ méjì, ọ̀bẹ mímú, akísà, tọ́ọ̀ṣì, àgádágodo, bàtà òjò, omi mímu.

Àwọn kan máa ń sọ pé òkúta ńlá tó láti fi dá ọkọ̀ ró. Kò tó. Òkúta a máa pàdánù ju ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n rẹ̀ lọ tí ó bá ti wọ inú omi, kò sì ní èékánná tí yóò fi wa ilẹ̀ mú. Yíyí ni yóò máa yí tẹ̀lé ọkọ̀.

Ìpele 1: Ẹ yan ọjọ́, kí ẹ sì béèrè nípa omi

Láti oṣù Kọkànlá títí dé oṣù Kẹta ni odò máa ń fà, tí àpáta inú rẹ̀ sì máa ń yọ orí síta; ewu ìgbà yẹn ni pé kí ọkọ̀ kanlẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá ni omi máa ń pọ̀ jù, n kò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kí ó fi ọkọ̀ kékeré sílẹ̀ láìsí olùṣọ́ ní oṣù méjèèjì yìí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ àlejò kò mọ̀ ni pé odò Ògùn lè kún ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ tí òjò kankan kò rọ̀ níbẹ̀. Odò Ọ̀yán ń ṣàn wọ inú odò Ògùn ní òkè odò, ìsédò Ọ̀yán tí wọ́n ṣí ní 1983 sì lè gba omi tó tó mílíọ̀nù 270 kúbíìkì mítà. Nígbà tí òjò bá pọ̀, àwọn tó ń bójú tó ìsédò náà gbọ́dọ̀ tú nínú omi rẹ̀ sílẹ̀ kí ó má baà ya, omi yẹn yóò sì gba iwájú Abẹ́òkúta kọjá kí ó tó dé Ìshẹ́rì àti ọ̀sà Èkó. Nítorí náà, ẹ má wo ojú ọ̀run nìkan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn apẹja àti àwọn tó ń wa yanrìn bóyá omi ti ń gòkè láti àná. Àwọn ni wọ́n ń rí odò lójoojúmọ́. Àjọ Ìdàgbàsókè Odò Ògùn àti Ọ̀ṣun, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Abẹ́òkúta, ló ń bójú tó ìsédò náà. Ìkéde tí wọ́n bá ṣe lórí rédíò nípa omi títú sílẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń gbọ́ sétí kan kí ó bá èkejì jáde.

Àyẹ̀wò: Ẹ ti gbọ́ láti ẹnu ó kéré tán ènìyàn méjì tó ń ṣiṣẹ́ lórí odò pé omi dúró sójú kan tàbí pé ó ń fà. Bí ọ̀kan bá ní ó ń gòkè, ẹ sún ìrìn náà síwájú.

Ìpele 2: Ẹ wá ibi tí ẹ ó gúnlẹ̀ sí

Ẹ rọra gba iwájú ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan ná, kí ẹ má tíì gúnlẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí ojú yín gbọ́dọ̀ wá ni ipasẹ̀ omi tó ti kún rí: koríko gbígbẹ, ọ̀rá náílọ́nù àti ẹ̀ka igi tó há sórí igbó etí odò. Ibi tí pàǹtírí yẹn há sí ni omi ti dé rí. Bí ó bá ga ju orí yín lọ, ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ ò ṣeé fojú kéré, kódà bí omi bá pa rọ́rọ́ lónìí.

Ẹ wá ibi tí etí odò ti wọ inú díẹ̀, tí ìṣàn omi kì í ti í sáré, tí ilẹ̀ abẹ́ omi sì jẹ́ yanrìn tàbí ẹrọ̀fọ̀. Ẹ sọ okùn ìwọnmi sílẹ̀ níbi mẹ́rin tàbí márùn-ún. Bí òkúta ẹnu rẹ̀ bá kanlẹ̀ gbì, tí ó sì yọ ní mímọ́, àpáta ni; bí ó bá yọ pẹ̀lú ẹrẹ̀ tàbí yanrìn lára, ibẹ̀ dára. Àpáta pọ̀ nínú odò yìí ju bí àlejò ṣe rò lọ, ó sì lè wà ní ìwọ̀n ìka díẹ̀ péré sí ojú omi tí ẹ kò ní rí i.

Àwọn ibi mẹ́ta wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbé ọkọ̀ sí. Èkíní ni abẹ́ afárá tàbí ìtòsí òpó rẹ̀, irú bíi ti Láfẹ́ńwá, nítorí omi máa ń yí níbẹ̀, pàǹtírí tó bá sì ń bọ̀ láti òkè á há sí ọkọ̀ yín lára. Èkejì ni ojú ọ̀nà àwọn awayanrìn. Ẹ̀kẹta ni ibi tí ẹ bá ti rí aṣọ funfun, ìkòkò tàbí igbá tí a gbé kalẹ̀ létí omi. Odò Ògùn ni odò Yemọja, àwọn olùsìn rẹ̀ sì ń lo etí odò yìí títí di òní. Ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, kí ẹ tẹ̀ síwájú.

Èbúté tí ẹ rí pé ó ṣófo lè ní ẹni tó ni ín. Ẹ kí ẹni tí ẹ bá bá níbẹ̀: «Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, a fẹ́ fi ọkọ̀ wa síhìn-ín di ìrọ̀lẹ́, ṣé kò ní dí yín lọ́wọ́?» Gbólóhùn yìí nìkan ti gba ọkọ̀ mi là ju ṣéènì lọ, nítorí pé ẹni tó bá fún yín láyè ni yóò kọ́kọ́ rí i bí okùn bá já, òun náà ni yóò sì lé ọmọ tó bá fẹ́ fi ọkọ̀ ṣeré.

Àyẹ̀wò: Ẹ ti mọ bí omi ṣe jìn tó, irú ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀, ibi tí omi ti ga dé rí, àti ẹni tó fún yín láyè.

Ìpele 3: Ẹ sọ ìdákọ̀ró sílẹ̀

Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ so ẹnu kan okùn tínrín mọ́ ìdí ìdákọ̀ró, ìyẹn apá ibi tí èékánná rẹ̀ wà, kí ẹ sì so ẹnu kejì mọ́ kẹ́ẹ̀gì òfìfo. Kẹ́ẹ̀gì náà yóò máa léfòó lókè ìdákọ̀ró. Ìwúlò rẹ̀ yóò hàn ní ìrọ̀lẹ́.

Ẹ wá ṣírò okùn. Ẹ mú jíjìn omi, ẹ fi gíga imú ọkọ̀ sí ojú omi kún un, kí ẹ wá sọ àròpọ̀ náà di ìlọ́po márùn-ún níbi tí omi bá rọ̀, tàbí ìlọ́po méje níbi tí ó bá ń sáré. Bí omi bá jìn ní mítà 2, tí imú ọkọ̀ sì ga ní ìdajì mítà, mítà 12 ààbọ̀ ni. Àṣìṣe tí gbogbo ènìyàn ń ṣe ni pé wọ́n á dúró síbẹ̀. Bí odò bá fi mítà 1 ga sí i lẹ́yìn tí ẹ ti lọ, okùn yín kò ní ju ìlọ́po mẹ́ta ààbọ̀ lọ mọ́, yóò máa fa ìdákọ̀ró sókè dípò kí ó máa fà á gbọọrọ lórí ilẹ̀, èékánná rẹ̀ yóò sì tú. Nítorí náà, mítà 3 ni kí ẹ fi ṣírò: 3 àti ìdajì, lọ́nà márùn-ún, jẹ́ mítà 17 ààbọ̀, lọ́nà méje, ó jẹ́ mítà 24 ààbọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ ra mítà 30.

Ẹ wa ọkọ̀ kọjá ibi tí ẹ fẹ́ kí ó dúró, sí òkè odò, kí ẹ sì kọjú imú rẹ̀ sí ìṣàn omi. Ẹ fi ọwọ́ sọ ìdákọ̀ró kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti imú ọkọ̀. Ẹ má jù ú, nítorí tí ẹ bá jù ú, ṣéènì á wé mọ́ èékánná rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí omi máa gbé ọkọ̀ padà sẹ́yìn bí ẹ ṣe ń tú okùn sílẹ̀. Nígbà tí ó bá ku díẹ̀ kí okùn pé, ẹ dè é mọ́ òrùka irin tí wọ́n fi bóòtù àti nọ́ọ̀tì dè mọ́ ara ọkọ̀. Ẹ má dè é mọ́ pákó ìjókòó.

Ẹ má ṣe so ìdákọ̀ró mọ́ ìdí ọkọ̀ láé. Ìdí ọkọ̀ kò ga, ẹ́ńjìnnì sì tún ń wọ̀ ọ́ mọ́lẹ̀; bí omi tó ń sáré bá kọlù ú tí okùn sì dì í mú, omi á gorí rẹ̀ wọlé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Àyẹ̀wò: Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ lé okùn níwájú imú ọkọ̀, kí ẹ dákẹ́. Bí ìdákọ̀ró bá ti mú, okùn á le, kò sì ní mì. Bí ó bá ń wọ́ nílẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ lọ́wọ́: okùn á máa gbọ̀n, á dẹ̀, á tún le, bí ìgbà tí ènìyàn ń wọ́ ẹrù lórí òkúta wẹ́wẹ́. Tí ẹ bá ti gbọ́ ìyẹn, ẹ fà á sókè, kí ẹ tún un ṣe níbòmíràn. Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin ní òwúrọ̀ kan ṣoṣo rí.

Ìpele 4: Ẹ de ọkọ̀ mọ́ ilẹ̀

Okùn méjì ni yóò lọ sí etí odò. Èyí tó ti imú ọkọ̀ wá ni ẹ ó so mọ́ igi tó wà ní apá òkè odò, kí ó lè di ọkọ̀ mú bí ìdákọ̀ró bá tú. Èyí tó ti ìdí ọkọ̀ wá ni ẹ ó fi máa fa ọkọ̀ súnmọ́ ilẹ̀ láti wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí okùn ìdí dẹ̀ ju ti imú lọ dáadáa, kí ó lè jẹ́ pé lọ́jọ́ wàhálà, imú ni yóò gba agbára omi.

Ẹ so okùn mọ́ ara igi tó wà láàyè, ní òkè ibi tí ẹ rí pàǹtírí omi, kì í ṣe mọ́ gbòǹgbò. Tí ẹ bá so ó sókè, bí odò bá ń kún, okùn á máa dẹ̀. Tí ẹ bá so ó mọ́ gbòǹgbò, odò tó ń kún á máa fa ọkọ̀ lọ sísàlẹ̀, bí ó ṣe ṣe tèmi. Ẹ yí okùn ká igi lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ tó fi ẹnu rẹ̀ ta kókó méjì lé ara rẹ̀, kí ẹ sì fi akísà sáàárín okùn àti èèpo igi. Ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, kókó tí ẹ lè fi ọwọ́ kan tú ni kí ẹ ta.

Àyẹ̀wò: Kí ẹnì kan dúró lórí ilẹ̀, kí ó ti ìdí ọkọ̀ jìnnà sí etí odò bí apá rẹ̀ ṣe lè gùn tó. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ lọ, kí ó dúró, kí ó má sì kanlẹ̀ tàbí kọlu òkúta.

Ìpele 5: Ẹ fi àmì sílẹ̀ fún omi

Ẹ gún ọ̀pá funfun àkọ́kọ́ sí ibi tí omi parí sí gan-an, ìkejì sí ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan sí òkè rẹ̀ lórí ilẹ̀, ìkẹta sí inú omi ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan. Ẹ kọ aago sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró sójú kan tí ẹ lè rántí, kí ẹ wo imú ọkọ̀, kí ẹ sì wá igi tàbí òpó iná kan ní òdìkejì odò tó wà ní ìlà kan pẹ̀lú rẹ̀.

Àyẹ̀wò: Ẹ dúró ti ọkọ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó lọ síbì kankan. Imú ọkọ̀ àti òpó náà gbọ́dọ̀ ṣì wà ní ìlà kan. Bí wọ́n bá ti pín níyà, ìdákọ̀ró ń wọ́. Ẹ padà sí Ìpele 3.

Ìpele 6: Ẹ má fi ẹsẹ̀ lásán tẹ omi dídúró

Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe ìsédò Ọ̀yán ni àtọ̀sí ajá, àrùn tó ń mú kí ènìyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀, ti jẹ́ ìṣòro fún àwọn abúlé tó yí i ká. Ìgbín kéékèèké inú omi tó rọ̀, tí ewéko bò, ló ń tú kòkòrò àrùn náà sílẹ̀, kòkòrò ọ̀hún sì ń gba awọ ara wọlé. Ọ̀sán gangan ló máa ń pọ̀ jù nínú omi. Ó dùn mí púpọ̀ láti máa rí àwọn òbí tó ń jẹ́ kí ọmọ wọn ṣeré nínú irú omi bẹ́ẹ̀ nítorí pé «kò jìn.» Ẹ ti orí ọkọ̀ bọ́ sórí àpáta tàbí yanrìn gbígbẹ, kí ẹni tó bá gbọ́dọ̀ wọ omi sì wọ bàtà òjò. Bí ẹnikẹ́ni bá ti wọ omi náà, kí ó fi aṣọ nu ara rẹ̀ gbẹ kíákíá, kí ó sì lọ ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀ ní ilé ìwòsàn lẹ́yìn oṣù méjì sí mẹ́ta, kódà bí kò bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ rẹ̀. Oògùn rẹ̀ wà.

Ìpele 7: Ọjọ́ yín lórí ilẹ̀

Ẹ yọ páìpù epo kúrò lára ẹ́ńjìnnì kí ẹ mú un dání, ẹ fi àgádágodo ti ẹ́ńjìnnì mọ́ ọkọ̀, ẹ má sì fi fóònù tàbí àpò owó sílẹ̀ níbẹ̀.

Bí ẹ bá pọ̀, ẹ pín ara yín sí ọ̀nà méjì: kí àwọn kan wà létí odò nígbà tí àwọn kan bá gun kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ sí Olúmọ tàbí sí Ìtòkú lọ ra àdìrẹ, kí wọ́n sì pààrọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Mo mọ̀ pé gbogbo ẹbí ló máa ń fẹ́ jọ lọ. Síbẹ̀ mo rọ̀ yín, ẹ má ṣe fi ọkọ̀ nìkan sílẹ̀ ju wákàtí 2 lọ. Ẹni tó bá wà létí odò kò gbọ́dọ̀ sùn. Kí ó máa wo ọ̀pá funfun ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Bí omi bá dé ọ̀pá òkè, kí ó pe àwọn yòókù padà lójú ẹsẹ̀. Àmì mìíràn wà tó máa ń ṣáájú: omi á ṣàdédé dúdú tàbí kí ó pọ́n, ìfófòó á máa bọ̀, ojú oró á máa wọ́ kọjá ní òṣùṣù, ẹ̀ka igi tútù á sì máa tẹ̀lé e. Tí ẹ bá rí ojú oró tó ń ya bọ̀ láti òkè odò, ẹ má dúró de ọ̀pá mọ́. Bí omi bá sì ń fà, tí ọ̀pá inú omi ti wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ẹ ti ọkọ̀ síta sí ibi tó jìn kí ó tó kanlẹ̀. Ọkọ̀ tó ti kanlẹ̀ ń fẹ́ ọkùnrin mẹ́fà; èyí tó ṣì ń léfòó, ẹnì kan péré lè fi ọ̀pá tì í.

Bí ẹ bá dáná, ẹ da omi pa á, kí ẹ sì kó ọ̀rá náílọ́nù yín padà sínú ọkọ̀.

Ìpele 8: Ẹ gbéra kí ilẹ̀ tó ṣú

Nǹkan bí aago 6 ààbọ̀ sí aago 7 ni oòrùn máa ń wọ̀ ní Abẹ́òkúta jálẹ̀ ọdún, àjọ NIWA tó ń ṣàkóso ojú omi abẹ́lé kò sì fẹ́ kí ọkọ̀ èrò máa rìn lálẹ́. Ẹ wà nínú ọkọ̀ ní aago 4 ààbọ̀. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì ni ẹ ó kọ́kọ́ wọ̀, kí ẹ tó tú okùn kankan; ẹ gbọ́n omi inú ọkọ̀, kí ẹ sì tan ẹ́ńjìnnì títí yóò fi ró dáadáa.

Okùn ìdí ni ẹ ó kọ́kọ́ tú, lẹ́yìn náà ti imú tó wà lára igi, kí ìdákọ̀ró gbẹ̀yìn. Ẹ wa ọkọ̀ lọ sókè odò díẹ̀díẹ̀ bí ẹnì kan ṣe ń kó okùn wọlé, títí okùn yóò fi dúró ṣánṣán lókè ìdákọ̀ró, kí ẹ wá fà á. Bí ó bá ti há sínú àpáta, ẹ má fi ẹ́ńjìnnì já a gbà. Imú ọkọ̀ lè wọ omi. Ẹ mú kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ fa okùn tínrín tó wà lára rẹ̀. Ìdí ìdákọ̀ró ni ìyẹn ń fà, yóò sì gba ọ̀nà tó fi wọlé jáde. Bí kò bá tún jáde lẹ́yìn ìgbìyànjú mẹ́ta, ẹ fi ọ̀bẹ gé okùn náà, kí ẹ máa lọ.

Àyẹ̀wò: Ẹ ka orí àwọn ènìyàn inú ọkọ̀. Ẹ wo okùn kọ̀ọ̀kan láti ẹnu dé ẹnu bí ẹ ṣe ń ká a. Ibi tí ó bá ti bó tàbí tí fọ́nrán rẹ̀ ti já, ẹ so nǹkan pupa mọ́ ọn, kí ẹ lè gé e kúrò nílé kí ẹ tó tún un lò.